Áfíríkà Tí A Fi Sìmẹ́ǹtì Kọ́ ní Olódì

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ní Olódì-Àpápá, nínú fáìlì aláwọ̀ ewé, lábẹ́ fọ́tò onílé-ìwé wa níbi tó ti ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Oyè tirẹ̀ gbà á ní ọjọ́ kan, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú ọjọ́ náà. Tèmi gbà mí ní ọdún mẹ́fà, nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló wà lára ògiri nínú férémù, tèmi ló wà lábẹ́ àgádágodo.

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa lè rò pé mo jalè ni. Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni, láti Olódì títí dé Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́ síṣẹ́ ni wọ́n á gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ, wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́ kí o máa fi tu ara rẹ nínú. Ohun tó fà á ni pé tíṣà máa ń sá. Tíṣà lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìdajì iṣẹ́ ìṣirò kan ní ọjọ́ Ẹtì, kó tó di ọjọ́ Ajé ó ti di àjẹ́ǹtì ní wáàfù, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń bá àwọn aṣọ́bodè ṣàlàyé kọ̀ǹténà ẹlòmíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so wá mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, okùn tí wọ́n sì fi ń so wá ni bébà tí àwa fúnra wa sáré kiri yunifásítì láti gbà.

Obìnrin ni onílé-ìwé wa. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é, títí kan tíṣà ìṣirò tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó so ó mọ́ ríbọ́ọ̀nù pupa, ó ń sinmi lórí àyà rẹ̀ bíi mẹ́dàlì ẹni tó sáré tó gba ipò kìíní. N kò lè sọ pé èèyàn burúkú ni. Bí ọmọ tíṣà bá wà ní ọsibítù, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, pẹ̀lú ọsàn àti àdúrà gígùn. Ó kàn jẹ́ pé kò ní í fi ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni.

Jọ́gíráfì ni mo kà. Èmi tí mo ka gbogbo òkè Áfíríkà tán, n kò fi ojú ara mi rí òkè kankan rí. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ìsàlẹ̀ agbada, tó jẹ́ pé òkìtì pàǹtí ẹ̀bá kánààlì ni òkè wa. Ọdún tó yẹ kí ẹ̀ka wa ní yunifásítì kó wa lọ wo òkè, ìyanṣẹ́lódì dé. Nígbà tí a padà, mọ́tò ẹ̀ka ti bàjẹ́. Olùkọ́ wa bá kó wa sí yàrá kan, ó pa iná, ó fi àwòrán òkè hàn wá lára ògiri, ó ní ká lọ kọ ìjábọ̀ bí ẹni tó gùn ún. Mo gba máàkì tó dára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé afẹ́fẹ́ orí òkè náà tutù.

Ohun tó máa ń wù mí jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni bí Áfíríkà ṣe rí lódindi. Kì í ṣe ilẹ̀ tó rọra bọ́ sínú òkun bí ẹni tó fẹ́ fọ ẹsẹ̀. Ó dà bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: ó ga, orí rẹ̀ tẹ́, etí rẹ̀ wá já wálẹ̀ lójijì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ odò rẹ̀ fi ń ṣubú láti ibi gíga kí wọ́n tó dé òkun, tí ọkọ̀ ojú omi kò fi rọrùn láti ti ẹnu odò wọ inú ilẹ̀ lọ. Etí òkun rẹ̀ nà gbọọrọ láìní kọ̀rọ̀ púpọ̀, ibi tí ọkọ̀ lè sá sí kò pọ̀. Lórí ilẹ̀ gíga yìí náà, kòtò ńláńlá wà níbẹ̀: ti Kóńgò, ti Kàlàhárì, ti Ṣáàdì. Ti Ṣáàdì ló ń yé mi jù. Odò ń wọ inú adágún yẹn, kò sí èyí tó ń ti inú rẹ̀ dé òkun. Omi tó bá ti débẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn, àfi kí oòrùn fà á gbẹ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní apá yìí, tí Mọ́mì sì ń kọjá ní kọ́rídọ̀, ojú mi máa ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ láìmọ̀.

Odò Ọya náà ní tirẹ̀. Inú òkè Gínì ló ti ṣẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí òkun, ó kọrí sí aṣálẹ̀, ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà Sàhárà kó tó rántí ibi tó ń lọ, tó wá yí padà. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ní, "Sà, odò yẹn dà bí bọ̀ọ̀dá mi tó ń wáṣẹ́." Mo fún un ní máàkì kíkún.

Lẹ́tà náà dé nínú oṣù kẹfà. Ilé ìwé ìjọba kan ní Èkìtì, nínú ìlú kan tí òkè yí ká, ń wá tíṣà Jọ́gíráfì. Mo ti kọ̀wé sí wọn tipẹ́, mo ti gbàgbé. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí n sì mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi dání. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ "ojúlówó" lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni tó bá mú ẹ̀dà wá, kó má wulẹ̀ wọlé.

Mo lọ bá Mọ́mì ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá ìwé ẹ̀rí mi. Ọjọ́ méjì péré."

"Yá kẹ̀? Ṣé èèyàn máa ń yá nǹkan ara rẹ̀ ni?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn, Mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó dá a padà fún mi bí ẹni ń dá ẹja tó ti bàjẹ́ padà.

"Ìwọ náà fẹ́ sá."

"N kò sá, Mọ́mì. Ẹni tó ń sá kì í wá tọrọ àyè."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbá àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ronú. "Ó dáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé wa, a ti ní kíláàsì àgbà nìyẹn. Mo rí ilé ìwé kan ní Ìkòyí, wọ́n ya àwòrán gbogbo ayé sí ilẹ̀ àgbàlá wọn. Èmi ò fẹ́ àwòrán. Mo fẹ́ kí Áfíríkà yọ sókè, kí wọ́n máa rí i láti gẹ́ètì. Kọ́ Áfíríkà fún mi. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn."

"Ẹ ò ní yí i padà, Mà?"

"Èmi? Ọ̀mọ̀wé?"

Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ wáàfù ni ní Kírìkírì, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù láti inú àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá wọlé, ó máa ń ṣe bíríkìlà. Prọ́fẹ́ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, kì í sì í ṣe láti fi yìn mí.

A kọ́ pèpéle kan tó ga dé orúnkún. Búlọ́ọ̀kù la fi yí etí rẹ̀ ká, yanrìn la dà sínú rẹ̀, a wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó lójú. A fi àríwá sẹ́yìn, kó fara ti fẹ́ǹsì, a fi gúúsù síwájú, kí ẹni tó bá gba gẹ́ètì wọlé máa kọ́kọ́ pàdé ẹsẹ̀ Áfíríkà. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe to búlọ́ọ̀kù etí òkun tán, ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"Prọ́fẹ́, kí ló dé tó nà gbọọrọ báyìí? Wáàfù dà? Ibo lọkọ̀ máa dúró sí?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Ábẹ́gí! Ìdí nìyẹn tí gbogbo tírélà ayé fi wá kóra jọ sí Àpápá?"

"Ó wà lára ìdí rẹ̀."

"Ṣé kí n gbẹ́ kọ̀rọ̀ kékeré kan síbí fún wọn? Kó lè dín wàhálà wa kù."

"Má gbẹ́ nǹkan kan."

Mọ́mì náà kò jẹ́ ká gbádùn. Ó ní Nàìjíríà kéré jù, àwọn aláyẹ̀wò lè rò pé a kò fẹ́ràn ìlú wa. Mo ní bó ṣe tó nìyẹn. Ó ní kí n bù kún un láti ara Kamẹrúùnù, ta ló máa mọ̀? Ó ní kí Kilimanjárò ga ju bó ṣe ga lọ, kí a sì fi ọ̀dà funfun kùn ún lórí kó lè máa tàn. Nígbà tó rí Sàhárà, ó nàka sí i. "Kí ni gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ yìí wà fún? Kò wu èèyàn láti wò. Gbin òdòdó sí i." Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a fa Sàhárà, mo sì ṣẹ́gun.

Ohun tí n kò bá a fà ni ihò.

Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, níbi tó ti ń yan ẹja tí wọ́n ń kó fún un láti òdìkejì ọ̀sà. Ilé rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ilé ìwé wa tó dé, kí wọ́n tó gbẹ́ kánààlì pàápàá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ, ó ga ju ojú títì lọ. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, onílé tó bá rówó á da yanrìn sí àgbàlá rẹ̀ kí omi lè kọjá sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, aládùúgbò náà á da tirẹ̀, á sì rí i pé ó ga díẹ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń wú sókè bíi búrẹ́dì, àfi ilé Ìyá, tí kò ra yanrìn rí. Nísinsìnyí, àtẹ̀gùn mẹ́ta lèèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbà á sílẹ̀ ni ihò kan ní ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì wa. Ibẹ̀ ni omi àgbàlá rẹ̀ ń gbà wọ àgbàlá wa, kó tó sàn lọ sínú gọ́tà iwájú.

Ihò yìí wá bọ́ sí ẹ̀yìn òkè Átílásì, ní Mòrókò, gẹ́lẹ́.

"Dí i," ni Mọ́mì wí. "Mi ò fẹ́ kí omi ẹja wá kí àwọn èèyàn ìjọba káàbọ̀."

Ọjọ́ tí a fẹ́ dí i, Ìyá gun àpótí, ó yọ orí lókè fẹ́ǹsì.

"Tíṣà."

"Mà, Ìyá."

"Kí lẹ̀ ń kọ́ yìí? Ṣé sàréè ni?"

"Áfíríkà ni, Mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Mà."

"Ó mà kéré o." Ó tún wò ó dáadáa. "Omi mi ńkọ́? Ibo ló máa gbà?"

Mo fi ohùn yunifásítì dá a lóhùn. Mo ní ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà kánààlì lẹ́yìn ilé rẹ̀, pé bí a bá dí ibí, omi á yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ó wà nínú ìwé tí a kà, Mà."

"Ṣé àdúgbò wa wà nínú ìwé yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀ lápapọ̀, Mà."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ń ké bí ìlẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, mo wo ibòmíràn. Àwa méjèèjì mọ̀ pé wọ́n ti fi pàǹtí àti yanrìn gbé etí kánààlì ga ju orí èèyàn lọ. Nínú ìwé, omi máa ń lọ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, omi máa ń lọ sí ilé ẹni tí kò rówó ra yanrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo kàn ṣírò pé òjò ńlá lè má rọ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, pé bó bá rọ̀ lẹ́yìn náà, màá ti wà láàárín òkè ní Èkìtì. A da sìmẹ́ǹtì sínú ihò náà, a gbé Átílásì lé e lórí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwé, bàtà mi ti di ọkọ̀. A kó gbogbo àwọn ọmọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Áfíríkà wà nínú òjò, ó ń dán, ó rẹwà ju bí mo ṣe rò lọ. Òkun tí a fi ọ̀dà búlúù kùn sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀ ti di òkun gidi, ó ń sàn lọ sínú gọ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dúró ní kọ́rídọ̀, inú mi ń dùn. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí inú mi fi dùn.

"Tíṣà! Tíṣà o! Ẹ̀yin ará ilé ìwé!"

Mo gbé àga lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, mo gùn ún. Àgbàlá Ìyá ti di adágún. Àgbá tó fi ń yan ẹja dojú dé sínú omi, igi ìdáná ń léfòó kiri. Mo rí ojú rẹ̀ láàárín irin fèrèsé.

"Ìyá, ẹ ti ìlẹ̀kùn síta!"

"Mo tì í. Omi náà ń tì í bọ̀. Ó lágbára jù mí lọ."

"Ibo ló dé nínú ilé?"

"Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì náà ti ń múra ìrìn-àjò." Ó di irin fèrèsé mú. "Tíṣà, ìdagẹ̀rẹ̀ tí o sọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń bọ̀?"

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì. Mọ́mì ti wọ léèsì funfun, ó ń fi lípísítíìkì pupa kun ètè.

"Mọ́mì, a ní láti fọ́ Átílásì."

"Fọ́ kí ni?"

"Omi ti há Ìyá mọ́lé. Ihò yẹn ni."

"Àwọn aláyẹ̀wò ti pè mí, wọ́n ti wà lọ́nà. Sọ fún un kó ní sùúrù, wákàtí kan péré."

"Omi ti dé bẹ́ẹ̀dì, Mà."

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni kò ga." Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé tó ò pe àwọn ọkùnrin àdúgbò kí wọ́n lọ fa ìlẹ̀kùn yẹn?"

"Bí wọ́n bá fà á, Mọ́mì, omi inú àgbàlá á tún wọlé sí i. Ibi tí omi máa gbà jáde ni kò sí."

Ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́. Bí irin bá kan Áfíríkà yẹn kí wọ́n tó dé, kí ìwọ àti kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa bá ara yín ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ ó jọ darúgbó ni."

Ì bá dára kí n kọ ọ́ síbí pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó. Mo padà sí kọ́rídọ̀, mo wo fẹ́ǹsì, mo wo aago. Mo ń fi ọkàn wọn bí omi ṣe ń yára gòkè sí, mo ń wò ó bóyá wákàtí kan lè ṣe é. Jọ́gíráfì tí mo kà ló wúlò fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí mo sì ń fi ṣe nìyẹn. Ó wá yé mi pé bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà ni mo ń bá òjò dúnàádúrà lé lórí. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù.

Ọkọ̀ kankan kò wọlé ní Kírìkírì nínú òjò yẹn, ó wà nílé. Ó dé pẹ̀lú dígà léjìká àti ọ̀rá lórí.

"Prọ́fẹ́, ta ni kí n fọ́?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti Mòrókò."

Ó gbé dígà sókè, Átílásì là sí méjì. Èmi mú ṣọ́bìrì. Abẹ́ sìmẹ́ǹtì, yanrìn lásán ni, ó sì ti mumi. Bí dígà bá ti la ojú rẹ̀, èmi á kó yanrìn sọ́tùn-ún sósì. A gba àárín Sàhárà kọjá sí ìhà Màlì, níbi tí mo ti gbẹ́ odò Ọya ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú ṣíbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A tẹ̀lé ọ̀nà tí odò náà gbà. Àwọn ọmọ ti kún orí bálíkónì lókè, kò sí tíṣà tó lè dá wọn dúró.

"Wọ́n ti dé Màlì!"

"Ó ku Nàìjíríà! Sà, ẹ má fọ́ Kánò, àwọn ìyá ìyá mi wà níbẹ̀!"

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fi dígà gún ihò náà já, omi dúdú tú jáde pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja àti èédú. Ó gba àárín Sàhárà, ó yí ní ibi tí odò Ọya ti yí, ó já láti etí ilẹ̀ bọ́ sínú òkun búlúù, ariwo sì ta lókè bí ẹni pé Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Omi ilé Ìyá ń fà. Ọ̀rẹ́ mi fo fẹ́ǹsì, ó fa ìlẹ̀kùn ṣí, ó pọ̀n ọ́n wá sí yàrá àwọn tíṣà. Ìyá ní kí wọ́n fún òun ní tíì, kí ṣúgà rẹ̀ pọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn aláyẹ̀wò fi dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò ní orúnkún. Òjò ti dá díẹ̀. Mọ́mì rí Áfíríkà tó ti là, ó kọjá lára mi lọ pàdé wọn. Ọkùnrin náà rìn yí Áfíríkà ká, ó fi agbòòrùn tọ́ka sí ibi tí a là.

"Kí lèyí?"

Mọ́mì kò ṣẹ́jú. "Àfonífojì Ńlá nìyẹn, Sà. A fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú rí bí omi ṣe ń gbà á kọjá."

Kí ẹni tí kò ka Jọ́gíráfì má bàa ṣìnà: Àfonífojì Ńlá wà lóòótọ́. Ibi tí ilẹ̀ Áfíríkà ti ń ya díẹ̀díẹ̀ ni, láti ìhà Etiópíà, gba Kẹ́ńyà kọjá, lọ sí ìsàlẹ̀ dé Màláwì, àwọn adágún gígùn sì tò sínú rẹ̀. Ìlà-oòrùn ló wà. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti Mòrókò, ó parí sí etí òkun Nàìjíríà.

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni tíṣà Jọ́gíráfì? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọwọ́ Mọ́mì ti wà lórí kọ́kọ́rọ́. Kò dì í mú bí ẹni tó fẹ́ fi pamọ́. Ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ fi ṣí nǹkan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà," ni mo wí. "Ilẹ̀ náà ń ya."

Obìnrin náà fajú ro. "Mo rò pé ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n kọ́ wa pé ó wà nígbà tiwa?"

"Ti ìlà-oòrùn ló gbajúmọ̀, Mà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi gbogbo ayé mi rẹ́rìn-ín àwọn ọ̀mọ̀wé olóúnjẹ-ọ̀sán, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú yanrìn Sàhárà lára ṣòkòtò, mo ń wo báírò rẹ̀ tó ń rìn lórí bébà.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn kò rí irú ẹ̀kọ́ aláfojúrí yìí rí ní gbogbo agbègbè Àpápá. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí tíṣà tó ṣe é han àwọn. Bí Mọ́mì ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Mo rí ìwé ẹ̀rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ó kúrò lọ́wọ́ Mọ́mì lọ sọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́ mi. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka Jọ́gíráfì kíláàsì àgbà. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ẹ̀rí náà dáadáa, torí àwọn máa padà wá wò ó, òun àti àfonífojì náà àti èmi. Fáìlì náà padà sí àyè rẹ̀. Àgádágodo dún.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣe é. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìjọba wí? Bí o bá lọ, kíláàsì àgbà lọ nìyẹn. Irú tíṣà tí ọpọlọ rẹ̀ yá báyìí, ta ló ń jẹ́ kó lọ?" Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bí o bá sì fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ihò lásán ni, lọ sọ. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ ni mo máa ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i padà. Kí ni mo fẹ́ máa fi ihò lásán ṣe nínú àgbàlá?"

Láti ibi tí mo dúró sí, mò ń rí Ìyá nínú yàrá àwọn tíṣà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń gba tíì kejì.

Mo pe àwọn ará Èkìtì lọ́jọ́ Rú, mo bèèrè bóyá wọ́n lè gba ẹ̀dà. Ẹni tó gbé fóònù ní ṣé mo ka lẹ́tà wọn dáadáa. Mo ní mo kà á. Ó ní ǹjẹ́ mo rí ìlà méjì tí wọ́n fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mo rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó yẹ kí n wà níwájú wọn, mo wà lórí Áfíríkà pẹ̀lú kíláàsì mi. Mo fi ìlà-oòrùn hàn wọ́n, mo ní ibẹ̀ ni Àfonífojì Ńlá wà, pé kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọbìnrin kan ní, "Sà, èyí tí ẹ là yìí ńkọ́?" Mo ní ìyẹn kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Ìyá yọ orí lókè fẹ́ǹsì.

"Tíṣà. Ṣé kì í ṣe òní ni wọ́n ní o máa lọ?"

"N kò lọ mọ́, Ìyá."

Ó wo ojú mi. Kò dúpẹ́, kò sì bínú. Ó wo ojú ọ̀run ní ìhà ọ̀sà, níbi tó ti ń ṣú bọ̀.

"Ewé ti ń kún ẹnu ihò yẹn," ni ó wí. "Bá mi gbá a kí òjò tó dé."

Mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti Mòrókò.